Ibi Tí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì Kọ Sára Àpótí

Nígbà tí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ríṣẹ́ sí yàrá ìwádìí, tí ó délé tí ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ni òun yóò máa tọ́jú, ẹ̀rù ba ìyá náà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni èyí tí ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Odidi oṣù mẹ́ta ni ó fi ń gbàdúrà kí àwọn ọ̀daràn má ṣe ìyàwó ọmọ òun léṣe. Lọ́jọ́ kan ó béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀. Ìyàwó dá a lóhùn pé omi aládùn díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, àti pé bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn á kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ọkọ ní irú ìwà ìkà wo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá náà ti wá mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tí ìyàwó òun ń wí ni àwọn ohun tíntìntín tí a fi mọ ara ènìyàn bí ẹní fi bíríkì mọlé, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ obìnrin náà lára. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é nílé, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ìgò ni wọ́n gbà á láti máa fọ̀. Ó fọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo bí àwọn tí ó kàwé jù ú lọ ṣe ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Bí sẹ́ẹ̀lì wọn bá kú, ẹnu á máa yún un láti sọ ohun tí wọ́n gbàgbé. Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ́, ó sì tọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé àwo lé e lọ́wọ́.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà ní òkè kẹta nínú ilé gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìgbẹ̀bí tí ó wà ní òdìkejì títì. Ẹni tí ó bá wọlé yóò kọ́kọ́ rí bàtà funfun rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, imú wọn dọ́gba. Yóò rí kálámù márùn-ún nínú ife, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí gígùn wọn ṣe tó. Lẹ́yìn náà ni yóò rí àpótí ooru méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, tí inú wọn móoru gẹ́lẹ́ bí inú ara ènìyàn tọ̀sán-tòru. Inú àpótí ni àwọn àwo pẹlẹbẹ ń gbé, inú àwo sì ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé.

Inú ibi ọmọ ni ó ti ń yọ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ìyẹn ibi tí ó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde nígbà ìbímọ. Bí ìyá ọmọ bá gbà, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé, nọ́ọ̀sì kan yóò gbé ibi náà sínú ike oníyìnyín sọdá títì. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì yóò fọ̀ ọ́, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò fi oògùn tú u ká títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi dá wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ni, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí.

Àwọn kan rò pé àpò lásán ni ibi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ni ó ń pèsè họ́mónù tí ó ń lọ sọ fún ara ìyá pé àlejò ti dé, kí ara má ṣe nǹkan oṣù mọ́, kí ilé ọmọ dúró bí ó ṣe wà. Họ́mónù yìí kan náà ni ó ń mú kí ìlà kejì yọ lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò. Bí ó bá kéré jù, wàhálà ni. Bí ó bá pọ̀ jù, wàhálà ni. Ohun tí ọ̀gá Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí obìnrin náà fi ọdún mẹ́jọ dàgbà jù lọ, fẹ́ mọ̀ ni pé: ta ni ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ibi pé kí ó pèsè, ta ni ó sì ń sọ fún un pé kí ó ṣì dúró ná?

Bí obìnrin náà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, tí ń tún aago ṣe, nìyí. Ó ní kí ó fojú inú wo ilé kan tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, họ́mónù bíńtín ni wọ́n ń pèsè. Bí ó bá yá, ìránṣẹ́ kékeré kan tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á máa kan ilẹ̀kùn kiri. Wọ́n á wó ògiri àárín wọn, gbogbo yàrá á sì di gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni iṣẹ́ họ́mónù ti ń bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọkọ rẹ̀ béèrè pé kí ni ó lè dá wọn dúró. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré, ògiri kì í wó, oníkálukú á jókòó sí yàrá rẹ̀. Ọkọ ní òun mọ irú ayálégbé tí ń wó nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa, àfi pé nílé tiwọn, ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ṣì wó.

Ìdí nìyẹn tí àpótí fi jẹ́ méjì. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ńlá dà bí èyí tí gbogbo wa ń mí. Ọ́síjìn inú àpótí kékeré kò tó nǹkan. Àwo mẹ́fà tí a fàlà sí lórí ń gbé inú èyí ńlá, mẹ́fà tí a fa òdo sí lórí ń gbé inú èyí kékeré. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìdánwò kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ bára mu bí ojú àti imú: họ́mónù àwọn aláàlà pọ̀, ti àwọn olódo kéré.

Ọ̀gá ti ṣèlérí fún un. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá ti bá méjì àkọ́kọ́ mu, orúkọ Màmá, bí ó ṣe máa ń pè é, yóò wọ inú ìwé ìwádìí náà pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìwé mẹ́rìndínlógún ni ó ti jáde láti inú yàrá yẹn. Nínú mẹ́wàá, wọn kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Nínú mẹ́fà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ó kẹ́yìn, níbi tí ó jẹ́ pé òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó ń kà á. Kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i rí. Ṣùgbọ́n ó ku oṣù mẹ́wàá kí ó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun wà lókè.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀ẹ̀kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn eléegun dé. Àwọn tí ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì eegun ní yàrá kejì ni à ń wí. Àpótí tiwọn ti bàjẹ́, wọ́n sì bẹ Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kí ó fún wọn láyè nínú àpótí ńlá. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwo dàrú mọ́ àwo. Ó gé ìwé àlẹ̀mọ́ méjì. Ó kọ EEGUN sí ti pẹpẹ òkè. Ó kọ IBI sí ti ìsàlẹ̀, ó sì fa ọfà kan sí i tí ó tọ́ka sí pẹpẹ náà. Ó wò ó, ó rí i pé ó dára. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé e ni pé láti ọjọ́ náà ni eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sídìí àpótí ńlá. Ó rò pé ó rẹ obìnrin agbálẹ̀ ni, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún.

Ọjọ́ Ajé ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, oníṣègùn eyín sì ní kí ó lọ sinmi títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí. Ọ̀gá ní kí ó má ṣe ìyọnu. Ó ní àwo méjìlá péré. Kí òun tó di ọ̀gá, ta ni ó ń bọ́ wọn? Kò sọ pé ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí òun ti fọwọ́ kan àwo gbẹ̀yìn. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó kọ ìlànà sílẹ̀ fún un: ìwọ̀n omi tuntun, wákàtí tí yóò pààrọ̀ rẹ̀, bí yóò ṣe bu èyí àná pamọ́ sínú fírísà. Kò kọ inú àpótí tí àwo kọ̀ọ̀kan yóò padà sí, nítorí lójú rẹ̀, ta ni kò mọ̀?

Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó padà síbi iṣẹ́, ó bá Ọ̀gá lórí ìjókòó tí ó di ìwé èsì mú. Àwọn olódo ti pèsè họ́mónù bí àwọn aláàlà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ọ̀gá kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ̀rọ̀, èyí ni ó sì dun obìnrin náà jù. Ó ní bóyá orí ni ó bá àwọn ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Ó ku ọjọ́ méjìlá tí àwọn olùtẹ̀wé fún àwọn. Bí òun kò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, lọ́la ni òun yóò yọ gbogbo apá tí ó kan àwo kúrò nínú ìwé, kí ìṣirò tòun nìkan lè jáde. Kò dárúkọ ìlérí rẹ̀. Kò sì nílò kó dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ àwo kúrò nínú ìwé, wọ́n ti yọ aláwo náà nìyẹn.

Nígbà tí Ọ̀gá lọ tán, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì gbé àwọn àwo náà sábẹ́ awò tí ń sọ ohun tíntín di ńlá. Ọ̀gá ti fi oògùn aláwọ̀ pa wọ́n láró bí ìlànà ti wí, kí wọ́n má baà yí padà, nítorí náà bí wọ́n ṣe wà ní ìparí ìdánwò ni wọ́n ṣì wà. Ògiri àwọn olódo ti wó. Gbọ̀ngàn ni gbogbo rẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́. Ní tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kì í purọ́. Irú ilé tí wọ́n bá sùn sí ni wọ́n ń sọ. Àwọn wọ̀nyí ti sùn sílé tí afẹ́fẹ́ wà. Ìgbà wo ni wọ́n débẹ̀?

Omi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú fírísà, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń wọn họ́mónù ní kí ó dúró ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó kàn án. Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà ìgboro, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìtajà oògùn tí ó wà nísàlẹ̀ títì, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀pá ìyẹ̀yún-wò méjìlá.

Ọmọbìnrin tí ń tajà wo ewú orí rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò tíì sọ̀ tán. Ó rọra bi í pé:

"Màmá, ṣé fún ọmọ yín ni?"

"Fún àwọn ọmọ mi ni," ni Ìyá Sẹ́ẹ̀lì wí. "Méjìlá ni wọ́n."

Ọmọbìnrin náà ka méjìlá sínú ọ̀rá. Ó dì í fún un, ó sì gbàdúrà fún un.

Nígbà tí ó padà, ó yọ omi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú fírísà, ó bomi là á ní ìwọ̀n kan náà, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun. Omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àwọn aláàlà: ìlà kejì yọ kedere. Omi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àwọn olódo: ìlà kejì tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé eyín. Ẹ̀ẹ̀kẹta ti ń bá àwọn àkọ́kọ́ mu nígbà náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí. Ó ki ọ̀pá bọ ti Ọjọ́bọ̀, ìlà olódo dúdú kirikiri. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, Ọjọ́rú ni ó wà, ọjọ́ tí òun lanu sílẹ̀ níwájú oníṣègùn eyín. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó mọ̀ báyìí. Bí yóò ṣe sọ ọ́ ni kò mọ̀. Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́, kódà bí ó bá jẹ́ àbúrò ẹni.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú àpò ìyàwó, ó fa ọ̀pá mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù yọ. Ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ìyá Sẹ́ẹ̀lì," ni ó wí, "ṣé kí n ti máa wá orúkọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi dùn ún, ó sì rò gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí òun nígbà gbogbo. Bí oníbàárà bá gbé aago tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ wá, òun kì í sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó bà á jẹ́. Òun á kàn ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó yí i fún òun bí ó ṣe máa ń yí i nílé. "Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn," ni ó wí. "Ìwọ máa wò ní tìrẹ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kó àwo òfìfo méjìlá kalẹ̀ sórí tábìlì, mẹ́fà aláàlà, mẹ́fà olódo. Nígbà tí Ọ̀gá wọlé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun ṣe é bí ó ṣe ṣe é ní Ọjọ́rú, nítorí òun fẹ́ kọ́ ọ. Ọ̀gá wò ó bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dé orí, ṣùgbọ́n ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ṣe bí ẹni pààrọ̀ omi. Ó ní níbí ni fóònù ti dún, ọ̀gá àgbà ni, òun sì jáde lọ gbọ́ ọ. Nígbà tí òun wọlé padà, òun ń wá ibi tí òun yóò kó wọn sí. Ó ṣí àpótí ńlá, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ìwé yín yìí ni ó gbà mí," ni ó wí. "Mo ní ẹ wo Màmá, ó ti mọ̀ pé n ó gbàgbé, ó ti fi ọfà sí i fún mi. Mo rò pé ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ti àpótí kékeré." Ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kà á sókè: "Ibi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwo méjèèjìlá síbẹ̀.

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì wò ó bí ó ṣe ń tò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, láti ìgbà tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, plasẹ́ńtà ni ó máa ń pe ibi. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ "ibi ọmọ" lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ọ̀gá mi," ni ó wí nígbà tí ó ṣe, "ibi tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ibi. Ibi ni."

"Ibi wo?"

"Ibi ọmọ, sà."

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú àwo olódo kan. Ó wo ìwé náà. Ó wo àpótí kékeré. Ó wá rọra jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti èjìká. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ní òun náà jẹ̀bi, òun kò kọ ibi tí wọn yóò padà sí sínú ìlànà. Ọ̀gá ní kí ó má tún dá ọ̀rọ̀ ibi sílẹ̀ mọ́ ná, kí òun lè mí. Nígbà tí ó mí tán, ó ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n tòun ti ju mímì lọ. Àmì ohùn ni ó yẹ kí Màmá fi sí i. Màmá ní àmì ohùn kò lè gba ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gbogbo ibi ni kò ní àmì.

Obìnrin agbálẹ̀, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, béèrè pé ṣé nítorí ìyẹn náà ni. Ó ní òun rò pé ohun búburú ni wọ́n kó sínú àpótí yẹn. Wọ́n kọ ibi sára rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n tún fi ọfà tọ́ka sí i. Kí ni òun fẹ́ wá débẹ̀? Báyìí ni ọ̀rọ̀ eruku ṣe yé Ìyá Sẹ́ẹ̀lì.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọ̀pá náà síwájú Ọ̀gá, tí ó rí bí ìlà àwọn olódo ṣe nípọn sí i láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé Ọjọ́bọ̀, ó fa kálámù yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí afẹ́fẹ́ kékeré ti dá dúró kò bàjẹ́. Wọ́n kàn ń dúró ni. Bí wọ́n ṣe gbé wọn síbi tí ọ́síjìn wà, ìránṣẹ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n wó ògiri, họ́mónù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò sí ẹni tí ó ti rò ó láti dán ìyẹn wò. Ó ní àwọn yóò mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ibi tuntun dé láti òdìkejì títì lọ́jọ́ kejì. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ṣe ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀. Àwọn aláàlà pèsè, àwọn olódo fara mọ́ yàrá wọn. Èsì dé nígbà tí ó ku ọjọ́ kan péré, ó sì bá méjì àkọ́kọ́ mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀gá gbé ìwé wá sí yàrá rẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́, orúkọ mẹ́rin ní òkè, àyè díẹ̀ láàárín wọn. Ó ní òun fẹ́ tẹ orúkọ Màmá sí i, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ṣi ibẹ̀ mọ̀ mọ́.

"Ibo ni kí n fi sí?"

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo orúkọ Ọ̀gá tí ó ṣíwájú, ó wo àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ó sì gbé ìka lé àyè tí ó wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ gan-an.

"Ibi yìí," ni ó wí.